Ṣé ẹlòmíì wà ní Ifẹ̀ tó kàn máa ń fẹsẹ̀ rìn ìgboro, àbí èmi nìkan ni?

ÀlejòPárákìn:

Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ilé-Ifẹ̀, Èkó ni mo ti wá, Párákìn ni mo ń gbé báyìí. Ní Èkó, kò sẹ́ni tó ń rìn tí kì í ṣe pé ó ń lé bọ́ọ̀sì, wàá gbé báàgì sáyà, wàá dijú mọ́rí, ó di ibi tó ò ń lọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti débí, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ti múná lọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, màá wọ sálúbàtà mi, màá kàn jáde. Mi ò lọ síbì kankan o. Màá gba Mayfair, màá dé Lágere, màá yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì, màá wá bá Ìrẹ̀mọ lọ títí màá fi dé Ẹnuwá níwájú ààfin, màá dúró wo èèyàn díẹ̀, màá padà. Ó ń dùn mọ́ mi débi pé lọ́jọ́ tí òjò bá dá mi dúró sílé, ara mi kì í lélẹ̀, màá kàn máa jáde lọ wo ojú ọ̀run lẹ́nu ọ̀nà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ò jẹ́ n gbádùn ẹ̀. Ọlọ́kadà á dúró: "Bọ̀ọ̀dá, níbo?" Màá ní mò ń rìn ni. "Ẹ gùn ún jàre, ẹ mú iye tó bá wà lọ́wọ́ yín wá." Owó ló rò pé kò sí. Ẹni tá a jọ ń gbé ilé kan náà rí mi ní Lágere, nígbà tí mo dé ilé ó rọra bi mí pé ṣé kò sí o, ṣé wọn ò tíì sanwó oṣù ni. Màmá kan tó ń ta ata bi mí pé ta ni mò ń wá, mo ní mi ò wá ẹnì kankan mà, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní "Hẹn. Ó dáa o." Mo mọ̀ pé kò dáa lójú ẹ̀.

Ṣé ẹlòmíì wà tó ń ṣe báyìí? Níbo lẹ máa ń gbà? Ìgboro àtijọ́ ni mo fẹ́ mọ̀ jù, torí títì ńlá nìkan ni mo ṣì mọ̀. Mi ò wá ẹ̀kọ́ lórí eré ìdárayá o, ẹ má wulẹ̀ bá mi ka ìṣísẹ̀.

ỌmọÌlódè:

Ẹ káàbọ̀ sílé o, torí ilé ni Ifẹ̀ fún gbogbo wa.

Ohun tó ń mú wọn bi yín léèrè ni pé ẹ ń kọjá láìsọ̀rọ̀. Nígboro Ifẹ̀, ẹni tó bá ń rìn, ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ rí bàbá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ẹ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ rí ẹni tó ń tajà, ẹ kú ọjà o, á tà o. Ẹni tó ń gbá ojúlé, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó ń ta ayò, ẹ̀yin ẹ kí wọn, wọ́n lè má dáhùn torí ayò ti wọ̀ wọ́n lára, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe é báyìí, láìpẹ́ kò ní sẹ́ni tó máa bi yín pé níbo mọ́, ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé kí ló dé táwọn ò rí yín lánàá. Ìyẹn gan-an ni ìgbádùn ẹ̀ lójú tèmi. Èèyàn ò lè dá rìn ní Ifẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa dá wà kẹ́ ẹ máa ronú, ẹ lọ oko.

Nípa ọ̀nà, ẹ fi títì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé Ẹnuwá, ẹ kọjú sọ́nà Mọ̀ọ̀rè tàbí Ìlódè, kẹ́ ẹ bọ́ sáàárín agboolé. Ẹ máa wolẹ̀ o, kì í ṣe torí gọ́tà nìkan. Ibì kan wà tí àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, ẹ máa rí àpáàdì tí wọ́n tò nídùúró, wọ́n fi etí ẹ̀ sókè, ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ibòmíì wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ funfun mọ́ ọn. Ewúrẹ́ á dùbúlẹ̀ lé e lórí, ọmọdé á máa ta gbá kọjá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Títì ayé àtijọ́ nìyẹn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n to púpọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà tiwa ní Ọọ̀ni Lúwo ló ní kí wọ́n tò ó. Obìnrin ni Lúwo. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀ tóun bá jáde.

Ẹ rò ó wò ná. Kí ẹnikẹ́ni tó rí mọ́tò rárá, ọba ìlú yìí ti ronú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ wá wo títì tí wọ́n ń ṣe fún wa lóde òní, ọ̀dà látẹnu gọ́tà dé ẹnu gọ́tà, gọ́tà ọ̀hún ò lómorí, tí mọ́tò bá ń bọ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ fò sínú ẹ̀. Mi ò tíì rí kọngílá tó béèrè pé níbo làwọn èèyàn máa rìn sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí èyí tí wọ́n dáàbò bò dáadáa, ẹ lọ sí Ìta Yemòó lójú ọ̀nà Iléṣà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní 1957 tí wọ́n fi kan àwọn ère idẹ nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ló máa ń rí ohun tí ò wá.

KòrópeLágere:

Bọ̀ọ̀dá Párákìn ẹ má bínú sí wa o, ariwo "níbo, níbo" yẹn iṣẹ́ wa ni. Lójú tiwa, ẹni tó ń rìn létí títì, oníbàárà tí ò tíì pinnu ni. Mo ti gbé ẹni tó ní òun ò lọ síbì kankan rí, tá a dé Sábó tó wá rántí pé òun fẹ́ ra sùyà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tẹ́yin tẹ́ ẹ ń rìn fún fàájì lè má kíyè sí. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tówó epo fò sókè, tówó ọkọ̀ náà ní láti tẹ̀ lé e, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nílùú yìí ti pọ̀ ju tàtijọ́ lọ, kì í sì í ṣe fàájì ló gbé púpọ̀ nínú wọn jáde. Èmi tí mo wà nídìí sítíárì látàárọ̀, mo ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó ń rìn fún fàájì, ẹ̀gbẹ́ ló ń wò. Á wolé, á wo ṣọ́ọ̀bù, á dúró wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí owó ọkọ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń wò, bóyá mọ́tò ojúlùmọ̀ á yọ. Àwọn tó ń wẹ̀yìn yẹn, tí àyè bá ṣẹ́ kù mo máa ń dúró gbé wọn, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé tàbí màmá tó gbẹ́rù. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tẹ́nì kan ní "ẹ mú iye tó bá wà lọ́wọ́ yín wá", àánú ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ máa rìn lápá òsì kẹ́ ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ má fi ẹ̀yìn sí wa, àwa fúnra wa ò fọkàn tán búréèkì àwọn kan nínú wa.

Òótọ́Ọ̀rọ̀:

Èmi ò rí fàájì kankan nínú ẹ̀. Oòrùn, eruku, ẹ̀fín jẹnẹrétọ̀, gọ́tà tó ń rùn, ẹ tún ní ẹ ń gbádùn. Ẹni tó jí láàárọ̀ tó gbé omi, tó rìn lọ síbi iṣẹ́, tó tún rìn bọ̀, ẹ sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé kó jáde lọ rìn kẹ́ ẹ gbọ́ èsì tó máa fún yín.

ÌyáÌbejìÌlàrè:

Òótọ́Ọ̀rọ̀, o ò purọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fipá mú ọ.

Ọmọ mi tó wà ní Párákìn, o kú ìrìn o. Èmi ti lé láàádọ́ta, mo ṣì ń fẹsẹ̀ lọ ọjà láti Ìlàrè, tọ́jà bá wúwo ni mo máa ń wọkọ̀ bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé mo máa ń gbọ́ ìròyìn kó tó di ìròyìn. Ilé tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà, mo mọ̀ pé ìnáwó ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ṣí lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, màá yà béèrè pé ṣé kò sí. Inú mọ́tò lo wà, o máa mọ̀yẹn?

Ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ni pé ìgbà kan wà tí èèyàn ò lè rìn báyìí níbí. Láti 1997 sí 2000 tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ fi le, o ò ní dédé sọ pé ò ń rìn. Ibi tó o ti ń ra bọ̀ọ̀lì lónìí yẹn, àwọn èèyàn sá fi ilé sílẹ̀ lágbègbè ẹ̀, ilé jó bẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ọkọ sí Mọdákẹ́kẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ ni látọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ di pé tí mo bá fẹ́ gbọ́ pé ó wà láyè, ẹni tó ti Ìbàdàn bọ̀ ni màá bi. Lónìí mo máa ń dìídì fẹsẹ̀ lọ kí i, mo sì máa ń rọra rìn ni. Mo máa ń bi àwọn ọmọ mi pé níbo ni Ifẹ̀ ti parí tí Mọdákẹ́kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, wọn ò mọ̀ ọ́n. Inú mi máa ń dùn pé wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn díẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́dún tí wọn kì í bọ òrìṣà ní Ifẹ̀, nítorí náà bó o bá ṣe ń rìn, wàá máa pàdé nǹkan. Wàá gbọ́ ìlù, wàá rí àwọn aláṣọ funfun. Dúró, kí wọn, má yọ fóònù síta láì tọrọ ààyè. Tó o bá rí màrìwò tí wọ́n ta dí ọ̀nà, má kọjá ẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nítòsí, wọ́n á fi ọ̀nà míì hàn ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé kí obìnrin jókòó sílé, èmi jókòó sílé ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Tó bá sì ti ń di alẹ́, gba ojú ibi tíná wà, ajá àwọn kan ò gbọ́ Yorùbá.

GreatIfeÀtijọ́:

Ẹ̀yin màmá, ajá tí ò gbọ́ Yorùbá yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò tíì dárúkọ inú Fásitì? Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ìgboro sinmi lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ lọ rin Road 1, láti géètì wọnú lọ. Ó gùn o, mo sọ fún yín. Igi lọ́tùn-ún igi lósì, òkè á máa yọ níwájú. Nígbà tá a wà níbẹ̀, ọkọ̀ á kọjá, àyè á sì wà nínú ẹ̀, a ò ní wọ̀ ọ́ torí ọ̀rọ̀ tá à ń sọ ò tíì tán. Èmi àti ẹni tó di ìyàwó mi lónìí, ojú Road 1 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí mo lè fi mú un lọ síbi gidi ò sí, ìrìn nìkan ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n sọ.

1961 ni wọ́n dá Fásitì Ifẹ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ọdún 1967 ni wọ́n tó kó wá sí orí ilẹ̀ tó wà báyìí. Ará Ísírẹ́lì tó ń jẹ́ Arieh Sharon ló ya àwòrán ẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé Humanities dáadáa tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Àjà òkè gbòòrò ju èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ, tí òkè ẹ̀ tún gbòòrò ju ìyẹn lọ, bí ẹni dorí àkàsọ̀ kodò. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àjà òkè ló ń ṣe òrùlé fún tìsàlẹ̀, oòrùn ò ní wọlé tààrà, ẹni tó ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, òjò ò ní bá a. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti ibì kan dé ibòmíì lábẹ́ òjò wẹliwẹli kí bàtà ẹ̀ má tutù. Ẹ sọ fún mi ilé tuntun kan tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ilé báyìí, ooru á wá pa àwọn tó wà nínú.

Ẹ yà sí Oduduwa Hall, kẹ́ ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta gbangba yẹn tí kò bá sí ètò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò bá ń bọ̀, ẹ máa rí àwọn ọmọ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀. Orí wọn ò dàrú o, wọ́n ń kàwé sórí ni.

Ìjẹ̀ṣàÒṣómàáló:

Mo kàn ń wò yín láti ìsàlẹ̀ ni. Ẹ̀ ń yin títì Ifẹ̀, ẹ ò tíì rí títì.

Lẹ́yìn ọdún 1850, òyìnbó oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà tó wá láti Amẹ́ríkà, William Clarke lorúkọ ẹ̀, ó rin ilẹ̀ Yorùbá káàkiri. Nígbà tó dé Iléṣà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé títì Iléṣà mọ́, ó gbòòrò, ó tọ́, ó ju ti ìlú èèyàn dúdú mìíràn tóun ti rí lọ. Ẹ gbọ́ o, ó ti rí ìlú púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àlejò Párákìn, ẹ wọkọ̀ wá lọ́jọ́ kan, kò jìnnà. Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ níwájú ààfin Ọwá Obòkun, ẹ yíjú sí Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ rìn gba Òkèṣà, ẹ tún máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ àsìkò Ìwúdé, ẹ máa rí ọba fúnra ẹ̀ níta, gbogbo ìlú á máa jó tẹ̀ lé e. Tó bá sì rẹ̀ yín, iyán wà. Iyán gidi, tí wọ́n gún, mi ò sọ èyí tí wọ́n rò nínú ìkòkò o.

ỌmọÌlódè:

Ẹ̀yin ará Iléṣà ẹ kú àgbà. Clarke ti lọ tipẹ́ o, ṣé ẹ lè pe ẹni tó kọjá níbẹ̀ lánàá kó wá jẹ́rìí? Tìyán yẹn nìkan ni mo gbà fún yín.

Ọba tiwa náà ń rìn. Lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni á dé adé Arè, adé tí kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, á jáde kúrò láàfin, á lọ sí Òkè Mògún láti bọ Ògún. Kò jìnnà rárá, nítòsí ààfin náà ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ẹ máa mọ̀ pé ìrìn kékeré lè gba gbogbo ọjọ́, torí èrò tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ yín lè má kanlẹ̀, àwọn èèyàn ló máa gbé yín rìn.

Ìjẹ̀ṣàÒṣómàáló:

Ẹ̀yin lẹ bí wa, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ máa bú wa. Ó dáa, mo gbà, ẹ kú ọdún Ọlọ́jọ́ o.

ÀlejòPárákìn:

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín, mi ò rò pé ẹ máa dáhùn tó báyìí.

Mo ti ń kí èèyàn bí ỌmọÌlódè ṣe wí o. Bàbá kan lẹ́bàá Ìrẹ̀mọ, mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, wọ́n ní "Wá. Ọmọ ta ni ọ́?" Mo ní àlejò ni mí. Wọ́n ní àlejò láti ibo, mo dárúkọ ìlú bàbá mi, wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀ nígbà tí àwọn ń ra kòkó, ni wọ́n bá fà mí jókòó, wọ́n ní kí wọ́n bá mi ra ẹ̀pà. Mi ò dé Ẹnuwá lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dìde. Nígbà tí mo kọjá níjọ́ kejì, wọ́n ti ń pè mí lórúkọ látòkèèrè, àwọn ará ilé náà ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Mo rí àpáàdì yẹn náà. Ọmọdé kan ló fi hàn mí, mo ti tẹ̀ ẹ́ kọjá tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Ọ̀gá Kòrópe, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lórí àwọn tó ń wẹ̀yìn, kò kúrò lọ́kàn mi o. Mo ti ń rí wọn báyìí lójú títì, mi ò kíyè sí wọn tẹ́lẹ̀.

Màmá, mo gbọ́ tọ̀rọ̀ màrìwò o, ẹ ṣé mà.

Sátidé tó ń bọ̀ mo fẹ́ gbéra láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mo fẹ́ rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn àti ibi tí wọ́n ti hú àwọn orí idẹ jáde. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

ỌmọÌlódè:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnuwá. Ilé Wúnmọníjẹ wà lẹ́yìn ààfin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní 1938 tí wọ́n bá àwọn orí idẹ yẹn pàdé. Ẹ má retí pé ẹ máa bá nǹkan ńlá níbẹ̀ o, ilé ni, àwọn èèyàn ń gbé inú ẹ̀, ẹ kí wọn. Àwọn orí náà ò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀kan tiẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ yà sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà nítòsí ààfin. Tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀ ẹ wá béèrè ọ̀nà Mọpá, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Òkúta ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó ga tó mítà márùn-ún àtààbọ̀, wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ ọn lára, ẹ máa rí wọn dáadáa tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ṣì lágbára ẹ gun Òkè Ìtasẹ̀, níbi tí tẹ́ńpìlì Ifá wà. Tó bá jẹ́ oṣù Òkúdù lẹ lọ, ọdún Ifá lẹ máa bá, àwọn babaláwo láti Kúbà àti Brazil á ti kún ibẹ̀.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó gbéra. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Lágere, àǹtí kan wà tó ń din àkàrà kó tó di kọ́nà Ìrẹ̀mọ, ẹ máa rí èrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ ra ti inú epo pupa.

KòrópeLágere:

Tí òkè yẹn bá ti mú yín lórúnkún, ẹ dúró létí títì kẹ́ ẹ máa wẹ̀yìn, a ó mọ̀.

ÌyáÌbejìÌlàrè:

ỌmọÌlódè, àǹtí alákàrà wo lò ń sọ? Ṣé èyí tó pupa yẹn? Kì í tà lọ́jọ́ Sátidé o, òde ìnáwó ló máa ń lọ. Ọmọ mi, ra búrẹ́dì dání.